Òkúta ìrántí àwọn ọmọ ìlú wa tó jagun lókè òkun: bí iṣẹ́ àwọn tó bá wa fín in ní Àbújá ṣe rí

Orúkọ kẹrin lórí òkúta náà ni Òjó. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tí a gbé iṣẹ́ fún kọ́kọ́ fi ìwé àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n tó fi irinṣẹ́ kan òkúta rárá, lẹ́tà mẹ́ta lásán ni mo rí níbi tó yẹ kí orúkọ yẹn wà: OJO. Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ yìí ru ẹrù, ó gbé ìbọn, ó wọ inú igbó Bọ́mà, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, lọ ní ọdún 1944 nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò sì padà wálé mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé bí a bá ka lẹ́tà mẹ́ta yẹn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tò wọ́n, láìgbé ohùn sókè, láìrẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, tí kò lè dúró lójú ogun, ni à ń pè. A kò lè fín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sára òkúta kí a sì gbé e sí gbàgede ìlú gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọmọ wa. Ìdí nìyí tí mo fi ń ti ojú orúkọ wo iṣẹ́ ilé iṣẹ́ yìí ju ohunkóhun mìíràn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa owó, nípa àkókò, àti nípa bí òkúta náà ṣe nípọn tó.

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa tó ń gbé ní Àbújá yàn láti bójú tó iṣẹ́ náà. Ìlú wa wà ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, kò jìnnà púpọ̀ sí Kàbà. Ohun tí a fẹ́ ni òkúta ìrántí kan tí yóò dúró ní iwájú ọjà, tí orúkọ gbogbo ọmọ ìlú tí a mọ̀ dájú pé ó wọ aṣọ ológun lọ sí òkè òkun yóò wà lórí rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tó padà, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò padà. Orúkọ 19 ni a rí kó jọ. Àwọn 14 lọ sí Bọ́mà, àwọn 2 wà lára àwọn tí Nàìjíríà rán lọ sí Kóńgò lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti ọdún 1960, àwọn 3 yòókù sì bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ológun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Làìbéríà àti Sierra Leone. Ilé iṣẹ́ tí a lò wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Kúbwa. N kò dárúkọ wọn níhìn-ín, nítorí pé ohun tí ojú wa rí lọ́dọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè bá pàdé lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gé òkúta ní àgbègbè náà, àwọn tó fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí jáde sì ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí fún.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àríyànjiyàn lórí àmì lásán ni mo fẹ́ sọ di ńlá, ó yẹ kí n sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí orúkọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí kó tó di pé ó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀, akọ̀wé ológun ló ń kọ orúkọ wọn bí etí rẹ̀ bá ṣe gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní orúkọ ìdílé bí òyìnbó ṣe ń fẹ́ ẹ, nítorí náà wọ́n a máa fi orúkọ ìlú ẹni dípò rẹ̀. Òjó tó bá wá láti Kàbà lè di Ojo Kabba nínú ìwé, Òjó tó bá wá láti Ìlọrin a sì di Ojo Ilorin. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú sójú ogun, orúkọ inú ìwé yẹn ló ń tẹ̀lé e lọ. Ní Taukkyan, lẹ́yìn odi ìlú Yangon ní Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Rangoon tẹ́lẹ̀, ni ibi ìrántí tí wọ́n ń pè ní Rangoon Memorial wà, níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ológun tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 sí, àwọn tí a kò mọ ibojì wọn, àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì wà nínú wọn. A wá Òjó tiwa nínú àkọsílẹ̀. Ojo tí a rí pọ̀, a kò sì rí ẹyọ kan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni bàbá tí à ń wá.

Àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ológun Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1917, ṣe ìlérí láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bákan náà ni àwọn yóò ṣe bọ̀wọ̀ fún gbogbo òkú ogun, láìwo ipò, ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ìgbìmọ̀ tí àjọ náà fúnra rẹ̀ yàn gbé àbọ̀ jáde pé kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní: ó kéré tán, ènìyàn 116,000, tó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tó 350,000, pàápàá àwọn ará Ìlà Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, tàbí tí wọn kò ṣe ìrántí wọn rárá. Àjọ náà tọrọ àforíjì. Mo ka àbọ̀ yẹn lóru ọjọ́ kan, n kò sì lè sùn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo wọ ilé iṣẹ́ náà nìyẹn: bí àwọn àjèjì bá ṣi orúkọ ọmọ wa kọ, àjèjì ni wọ́n, ṣùgbọ́n òkúta tí a fi owó ara wa rà, tí a gbé sí ilẹ̀ ara wa, kò gbọdọ̀ ṣi í kọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa fẹ́ mábù Jákúrà, nítorí pé nítòsí Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti ń wà á, ìpínlẹ̀ wa ló sì wà. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ilé ni, ó sì yé mi dáadáa. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń fín òkúta níbẹ̀ kò bá wa jiyàn. Ó mú àjákù mábù funfun kan àti àjákù gíránáìtì dúdú kan, ó la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, ó fún omi rẹ̀ sórí méjèèjì, ó sì ní kí a lọ jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tí a padà dé lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó fi aṣọ nù wọ́n. Gíránáìtì ń dán bó ṣe ń dán tẹ́lẹ̀, ènìyàn lè fi wo ojú. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí omi ọsàn kán sí lórí mábù ti ṣú, ó dà bí ẹyinjú àgbàlagbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń dínkù, bí mo sì ti fi ìka tọ́ ọ, ara rẹ̀ kò jọ̀lọ̀ mọ́. Ó ṣàlàyé fún wa pé ẹbí ẹfun ni mábù, pé omi òjò pàápàá ní ohun kíkan díẹ̀ nínú, àti pé ohun tí ọsàn ṣe ní ìdajì wákàtí ni òjò yóò fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, lẹ́tà tó tínrín jù ni yóò sì kọ́kọ́ parẹ́. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ mábù lẹ́yìn èyí. Ilé iṣẹ́ tó lè fi ohun tó wà nílẹ̀ hàn ọ́ báyìí, dípò kó máa fi ẹnu lásán tajà, yẹ fún ìyìn.

Òkúta tí a béèrè ga ní mítà kan àti ààbọ̀, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, ó sì yẹ kó nípọn ní mìlímítà 40. Iye tí wọ́n dá lé e ni ₦1,350,000. Fínfín igba lẹ́tà wà nínú owó yìí, ₦800 ni wọn yóò sì gbà lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Nítorí pé lẹ́tà ni wọ́n ń kà, ó di dandan fún wa láti rò ó dáadáa kí a tó kọ ohunkóhun sí orí òkúta. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ẹsẹ Bíbélì, tí ẹlòmíràn fẹ́ oríkì ìlú, tí ẹlòmíràn sì fẹ́ orúkọ gbogbo àwọn tó dá owó, ìwọ akọ̀wé ni yóò jókòó máa ka lẹ́tà lóru.

Lẹ́yìn orúkọ, ohun tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí fún àwọn ará Bọ́mà ni ìlà kan péré: KALADAN 1944, MYOHAUNG 1945. Inú ìpín ológun 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni àwọn ọmọ wa wà. Àfonífojì odò Kaladan, ní ilẹ̀ Arakan ní Bọ́mà, ni ìpín 81 gbà wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, níbi tí kò ti sí ọ̀nà mọ́tò. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n la ọ̀nà tó gùn tó máìlì 75 gba orí òkè àti inú igbó, èyí tí wọ́n ń pè ní West African Way. Lẹ́yìn ibẹ̀, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tó wọ iṣẹ́ ológun ní ọmọ ọdún 16, fara gbọgbẹ́ ní etí odò yẹn ní oṣù kẹta ọdún 1944. Àwọn ará abúlé ibẹ̀ ló fi òun àti ẹnìkejì rẹ̀ pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, títí àwọn ológun fi padà wá rí wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945 ni àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gba ìlú Myohaung. Ní ìlú wa, "ogun Hítílà" ni wọ́n ń pè é títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ológun Jàpáànù ni àwọn ọmọ wa dojú kọ. Èyí wà lára ìdí tí a fi fẹ́ kí orúkọ ibi tí wọ́n jà gan-an wà lórí òkúta, kí ọmọ tó bá kà á lè wá a lórí àwòrán ilẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àmì. Nígbà tí mo gbé ìwé àyẹ̀wò padà lọ bá ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, tí òun pàápàá jẹ́ ọmọ Yorùbá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó ń fi àmì sórí lẹ́tà ńlá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, á kà á." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ka orúkọ kẹrin sí mi létí. Ó kà á: Òjó. Mo ní, "Ẹ kà á bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti pè é fún yín rí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Gwarinpa, tó ń kọ́ Yorùbá nílé ẹ̀kọ́, báwo ni yóò ṣe kà á? Ṣé òjò ni, àbí ọjọ́, àbí èyí tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe bàbá onílé?" Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní òun yóò fi àmì sí i, ṣùgbọ́n òun yóò ka àmì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan, ₦800 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì 61 ló wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀ náà, lókè àti nísàlẹ̀. N kò gbà. Àmì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a fi kún lẹ́tà; ara lẹ́tà ni, bí ọrùn ṣe jẹ́ ara ènìyàn. A fà á títí ìrọ̀lẹ́, ó sì gbà níkẹyìn láti fín wọn láìgba owó kún un. Ẹ kọ èyí sínú ìwé àdéhùn yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, nítorí pé ẹnu la fi ṣe tiwa, ọpẹ́lọpẹ́ pé ọkùnrin náà dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó yanjú iṣẹ́ náà gan-an ni ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́sàn wẹ́wẹ́. Ọmọ Gbagyi ni, láti agbègbè Bwari, kò gbọ́ Yorùbá. Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ tó ń gé lẹ́tà kọ̀ láti gba ohun tí mo tẹ̀ ránṣẹ́. Ó gba ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àmì ohùn bá tún gun orí wọn, àpótí òfìfo kékeré ló ń gbé jáde, bí ẹni pé orúkọ ènìyàn ní ihò nínú. Ó ṣàlàyé pé lẹ́tà tó wà nínú ẹ̀rọ àwọn kò mọ bí a ti ń gbé àmì méjì lé orí ẹyọ lẹ́tà kan. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá a lè yọ ọ̀kan nínú méjèèjì. N kò bá a jà. Mo mú bírò, mo fi ìdí rẹ̀ lu tábìlì bí ẹni ń lu ìlù: ìsàlẹ̀, òkè, ni Òjó, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, ni òjò, àárín, òkè, ni ọjọ́, àárín, àárín, mo sọ ìtumọ̀ èyí náà fún un. Ó tẹ́tí, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó lu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà fún mi láìṣì kan. Lẹ́yìn náà ó ní nínú èdè tàwọn náà, bí ohùn bá gòkè tàbí tó wálẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn, àti pé ìyá òun kò ní dárí jì òun bí òun bá ṣi orúkọ bàbá rẹ̀ kọ. Láti ìgbà náà lọ, kò tún béèrè ohun tí a lè yọ kúrò.

Ó ya gbogbo àmì náà sórí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé wọn sí àyè wọn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fín in yẹ kí ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde mọ̀. Rọ́bà fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú òkúta. Ẹ̀rọ a gé àwòrán lẹ́tà sára rọ́bà náà, wọn a ṣí àyè lẹ́tà kúrò, wọn a sì fi afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ gidigidi tu yanrìn líle sí i. Yanrìn a jẹ òkúta níbi tí rọ́bà kò bò, rọ́bà a sì dáàbò bo ìyókù. Ewu tó wà níbẹ̀ fún Yorùbá ni àmì ìsàlẹ̀: bó bá sún mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́tà jù, rọ́bà tó wà láàárín wọn a tínrín bí òwú, afẹ́fẹ́ a já a, àmì àti lẹ́tà a sì di ihò kan ṣoṣo. Ó fín ìdánwò kan sórí àjákù òkúta, ẹ kan sì bàjẹ́ báyìí lójú mi. Ó sún gbogbo àmì ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó tún ìdánwò ṣe, ó sì dára. Ó tún béèrè ìdí tí OGUN tó wà ní àkọlé kò fi ní àmì kankan, nígbà tí orúkọ méjì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ògún ní tiwọn. Mo sọ fún un pé ohùn àárín ni ogun tí à ń jà, a kì í sì í kọ àmì sórí ohùn àárín. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó ní lápò. Nínú gbogbo ìdúnàádúrà mi pẹ̀lú oníṣẹ́ ọwọ́ ní Àbújá, n kò rí ẹni tó fi ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ bá èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ lò.

Ibi tí wọ́n ti já wa kulẹ̀ kò kéré. Àárín oṣù kọkànlá la san owó àsansílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ni wọ́n dá fún wa. Ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní la fẹ́ ṣí òkúta náà, ọjọ́ tí Nàìjíríà fi ń ṣe ìrántí àwọn ológun rẹ̀. Ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970 ni; kó tó dìgbà náà, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni wọ́n ń lò, ọjọ́ tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní dáwọ́ dúró. A sọ ọjọ́ náà fún ọ̀gá ilé iṣẹ́, a kọ ọ́ sórí ìwé owó. Oṣù kejìlá kọjá, ó ní iná ọba ni kò sí, ó ní dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n, lẹ́yìn náà kò gbé fóònù mọ́. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, àwọn àgbà ti dé, aṣọ ẹbí ti wà lára wọn, àwọn ọmọ iléèwé ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ọjà. Mo ka orúkọ 19 láti inú ìwé níwájú pẹpẹ kọnkéré tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè fi owó díwọ̀n ìtìjú yẹn. Ìparí oṣù náà ni wọ́n tó ní kí a wá gbé òkúta.

Ọjọ́ tí a lọ gbé e ni mo rí i pé kò nípọn tó. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: mìlímítà 30 ni, kì í ṣe 40 tí a san owó rẹ̀. Ọ̀gá ní bákan náà ni wọn yóò lò pẹ́. Bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó mìlímítà mẹ́wàá yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá ₦150,000 padà lẹ́yìn tí a ti sọ̀rọ̀ títí, kò sì tọrọ àforíjì. Ẹ mú rúlà lọ́wọ́ lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fín ohunkóhun, nítorí pé bí orúkọ bá ti wà lórí òkúta, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ kọ̀ ọ́. Wọn kò ní ohun tí wọ́n fi ń dì í fún ìrìn àjò pẹ̀lú. Àwa la ra tìmùtìmù àlòkù, tí a fi há a láàárín pákó, tí a sì rọra gbé e gba Gwagwalada, Abaji, Kotonkarfe àti Lọ́kọ́ja kọjá, kí a tó yà gba Ọbájànà lọ sí Kàbà. Ó dé ilé láìfọ́. Ọ̀dà aláwọ̀ wúrà tí wọ́n fi kun inú lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní ìlà méjì lẹ́yìn òjò mẹ́ta àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n fínfín náà jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń kà á ketekete láìsí ọ̀dà. Bí mo bá tún un ṣe, n kò ní san owó ọ̀dà rárá.

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kejì la gbé e nàró. Ọ̀dọ́kùnrin náà tẹ̀lé wa wá láti Àbújá fúnra rẹ̀, kí ó lè rí i pé wọ́n fi ọ̀pá irin so ó mọ́ pẹpẹ, kì í ṣe gọ́ọ̀mù nìkan. Ọmọ kan ṣoṣo tí Òjó fi sáyé wá sí ibẹ̀. Oyún rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ní nígbà tí bàbá lọ ní ọdún 1943, kò rí bàbá náà sójú rí, kò sì sí àwòrán. Obìnrin ni ọmọ náà, ó ti di ìyá àgbà, kò sì mọ̀wé. Ó kí wa, "Òkun o," ó sì béèrè pé, "Èwo ni ti bàbá mi?" Mo fẹ́ nawọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin náà ti ṣáájú mi. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá mú, ó gbé ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ sí orí àmì àkọ́kọ́, ó fà á láti òkè wálẹ̀ láti apá òsì. Ó gbé e sí orí èkejì, ó fà á láti ìsàlẹ̀ gòkè. Ìyá tún un ṣe fúnra rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ náà sókè, ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀ níbi tí ìka ti wálẹ̀, ó ń gòkè níbi tí ìka ti gòkè. Òkúta náà gbóná nínú oòrùn, síbẹ̀ kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Bí ẹ bá bi mí bóyá mo lè gbé iṣẹ́ mìíràn fún ilé iṣẹ́ yìí, ìdáhùn mi ni pé mo lè gbé e fún wọn nítorí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí agbẹjọ́rò ti wò, tí ọjọ́, ìnípọn àti àmì yóò wà nínú rẹ̀ ní kíkọ, tí ìdajì owó yóò sì wà lọ́wọ́ mi títí òkúta yóò fi dúró nílẹ̀. Fún fínfín orúkọ, n kò rí àléébù kankan. Fún àkókò àti òtítọ́ ọ̀rọ̀, wọn kò yẹ lẹ́ni tí ìlú lè gbára lé lójú ayẹyẹ.

A fi àyè ìlà mẹ́fà sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkúta, nítorí a mọ̀ pé 19 kò lè jẹ́ gbogbo wọn. Láti ìgbà tí a ti gbé e nàró, ìdílé méjì ti mú ìwé wá: ọ̀kan mú ìwé tí wọ́n fi tú bàbá wọn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní ọdún 1946, tí eku ti jẹ etí rẹ̀, èkejì sì mú mẹ́dà Burma Star tí wọ́n rí nínú àpótí ìyá wọn. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní òun lè fi irinṣẹ́ ọwọ́ fín wọn síbẹ̀ láìtú òkúta, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo pè é láti béèrè iye tí yóò gbà, kò dá mi lóhùn lórí owó lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní kí n pe orúkọ méjèèjì fún òun díẹ̀díẹ̀, mo sì gbọ́ bó ṣe ń fi nǹkan lu tábìlì níbẹ̀, tó ń wá ohùn wọn.